Oṣù Wo La Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ Iyọ̀ Kutch

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mi ò sì lè sáré kọjá lórí rẹ̀.

Ibì kan wà tí apẹja ń da àwọ̀n sí ní oṣù kẹjọ láti kó edé. Tó bá di oṣù kejì, lójú ibẹ̀ gan-an, ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá, eruku ń tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́n omi ibẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó dí i. Kí ni ká wá pe ibẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ni, àbí omi? Orílẹ̀-èdè méjì ti yìnbọn síra wọn lórí ìbéèrè yìí, adájọ́ mẹ́ta sì ti jókòó lé e lórí fún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í béèrè bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Oṣù tí a wà ni wọ́n máa ń béèrè. Ohun tí mo bá wá kò ju ìyẹn náà lọ: ẹnikẹ́ni tó bá ní dandan ni kí ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ibẹ̀ máa ń dójú tì í.

Rann ti Kutch lorúkọ ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ Gujarat ló wà, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, apá kan rẹ̀ ní àríwá sì bọ́ sí Sindh ní ilẹ̀ Pakistan. Rann méjì ló wà: Rann Ńlá lápá òkè, Rann Kékeré ní gúúsù ìlà-oòrùn. Rann Kékeré nìkan tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà níbùú lóròó. Rann Ńlá ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Àárín wọn àti òkun ni Kutch wà. Nígbà òjò, omi á yí Kutch ká débi pé díẹ̀ ló kù kó di erékùṣù. Àwọn èèyàn máa ń so orúkọ Kutch mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìjàpá, torí pé ilẹ̀ náà ga láàárín, ó wá rọra ń lọ sílẹ̀ yíká bí ẹ̀yìn ahun. Rann ní tiẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ Sanskrit kan, irina, ìyẹn ilẹ̀ oníyọ̀ tí nǹkan kì í hù sí.

Apá òkun Arébíà ni gbogbo ibẹ̀ láyé àtijọ́. Odò ń kó ẹrẹ̀ wá, ilẹ̀ náà sì ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, títí òkun fi sún kúrò. Ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Jésù, àwọn atukọ̀ tó ń ti Íjíbítì bọ̀ wá ṣòwò ní Íńdíà ṣì mọ̀ ọ́n sí omi. Ìwé atọ́nà kan tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ nígbà náà pè é ní Eirinon. Ó kìlọ̀ fún wọn pé omi ibẹ̀ kò jìn, ó ń yí biribiri, ọkọ̀ sì lè fẹnu gúnlẹ̀ níbi tí ojú ò ti tíì rí èbúté. Ẹ gbọ́ bí orúkọ yẹn ṣe sún mọ́ irina. Láti ìgbà yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn ti ń pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ iyọ̀, tí ọkọ̀ sì ń wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń yí padà, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, atẹ́gùn ńlá tó ń gbé òjò bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Òjò Kutch gan-an kò pọ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn ń ti òkun wọlé gba àwọn ẹsẹ̀ òkun, ilẹ̀ Rann ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Nígbà kan náà, odò ń bọ̀ láti ọ̀nà kejì. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni Luni, tó ṣẹ̀ láti orí òkè Aravalli ní Rajasthan, tó rìn tó nǹkan bí 495 kìlómítà láìdé òkun rárá. Inú Rann ló parí sí. Luni fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí oníyọ̀. Banas, Rupen àti Saraswati ń já sí Rann Kékeré ní tiwọn. Omi òkun pàdé omi odò lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní. Ilẹ̀ amọ̀ sì ni, kì í fa omi mu. Omi náà á kàn tẹ́ síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi kò ní ju orúnkún lọ, á sì lọ títí ojú ò ní rí òpin rẹ̀.

Tí òjò bá dá, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Omi lọ, iyọ̀ kù. Ní oṣù kẹwàá, ẹrẹ̀ dúdú ni, tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá, ó ti funfun láti ìhín títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti kanlẹ̀. Iyọ̀ yẹn kì í tẹ́ lásán. Ó máa ń là sí ojú kéékèèké onígun márùn-ún, onígun mẹ́fà, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì yọ sókè díẹ̀, àfi bí ẹ̀yìn ìjàpá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi ewé gbígbẹ. Tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ síwájú níbi tí kò nípọn, á jin, ẹsẹ̀ á wọnú ẹrẹ̀ tó ṣì tutù, tó ṣì dúdú, tó ń rùn bí etí ọ̀sà. Omi ò tíì lọ nígbà náà. Ó kàn wà lábẹ́ ni.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn ará Dholavira, ìlú àtijọ́ kan nínú Rann Ńlá, ò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣe kọ́lé. Nínú Rann Ńlá, àwọn ibì kan ga díẹ̀ ju omi lọ; bet ni wọ́n ń pè wọ́n, erékùṣù ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà òjò. Lórí Khadir, ọ̀kan lára wọn, ni Dholavira wà, ìlú tí èèyàn gbé fún nǹkan bí 1,500 ọdún, láti bí ọdún 3000 ṣáájú ìbí Jésù. Awalẹ̀pìtàn Jagat Pati Joshi ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní 1990 ni R. S. Bisht àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hú u síta. Ní 2021, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ohun tó máa ń wú mi lórí ní Dholavira ju ògiri òkúta rẹ̀ lọ ni omi. Odò kékeré méjì, Mansar àti Manhar, gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń ṣàn. Àwọn èèyàn yẹn dí odò méjèèjì níbi tó yẹ, wọ́n darí omi wọn sínú àwọn adágún tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Ọ̀kan nínú àwọn adágún yìí gùn tó nǹkan bí 73 mítà, ó fẹ̀ tó 29, ó jìn tó mítà mẹ́wàá, wọ́n sì gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i kí apọnmi lè máa tẹ̀ lé omi bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: omi iyọ̀ yí ìlú ká fún oṣù mẹ́rin, iyọ̀ gbígbẹ yí i ká fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì ń mu omi dídùn níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Wọ́n ti mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ ni òjò máa fún wọn, wọ́n sì kọ́ ìlú wọn lé ọjọ́ díẹ̀ yẹn lórí.

Ẹ jẹ́ kí n fò dé ìgbà tó sún mọ́ wa. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Rann, apá kan odò Indus máa ń ṣàn wá sẹ́nu òkun láyé ìgbà kan, wọ́n sì ń gbin ìrẹsì sí etí rẹ̀. Ìlú Lakhpat jẹun lára omi yẹn. Ní àwọn ọdún 1760, Ghulam Shah Kalhoro tó ń jọba Sindh bá Kutch jagun, lẹ́yìn ìyẹn ló mọ ìdídò sí apá odò náà. Oko ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìyà tí èèyàn fi jẹ èèyàn nìyẹn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1819, ilẹ̀ mì. Bhuj, olú ìlú Kutch, wó, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, kódà ní Ahmedabad lọ́hùn-ún, ilé ìṣọ́ méjì tó wà lórí mọ́sálásí Jama wó lulẹ̀. Odi Sindri wà nínú Rann ní etí odò náà, àwọn ọmọ ogun Kutch sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ rì lábẹ́ rẹ̀, òkun wọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀ sá gun ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo tí kò wó, ọkọ̀ ojú omi ló sì wá kó wọn ní ọjọ́ kejì. Adágún ńlá dúró níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà lánàá. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè sí àríwá, wọ́n rí òkìtì gbọọrọ kan tí kò sí níbẹ̀ rí. Ó gùn tó 80 kìlómítà, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ ga tó mítà mẹ́fà, ó sì dábùú ojú odò náà pátápátá. Wọ́n sọ ọ́ ní Allah Bund, Ìdídò Ọlọ́run, kí wọ́n lè fi ìyàtọ̀ sáàárín rẹ̀ àti èyí tí ọwọ́ èèyàn mọ.

Mi ò mọ orúkọ mìíràn láyé tó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán bí èyí. Charles Lyell, onímọ̀ ilẹ̀ ará Scotland, gbọ́ ìròyìn náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láti fi hàn pé ilẹ̀ lè rì ní ibì kan kó sì ga ní ibì kejì lọ́jọ́ kan náà, lójú èèyàn alààyè. Ní 1826, odò Indus kún, ó sì la Ìdídò Ọlọ́run já. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá ayé Lakhpat padà. Odi rẹ̀ gígùn wà níbẹ̀ dòní, díẹ̀ sì ni èèyàn tó kù nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Kutch ò tíì sinmi o. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2001, ó tún mì, nǹkan bí 20,000 èèyàn ló sì bá a lọ. Ilé alájà wó ní Bhuj. Ọ̀pọ̀ bhunga ò wó: ilé róbótó oníkoríko tí àwọn ará abúlé ń fi amọ̀ mọ, tí wọ́n ń lẹ dígí wẹ́wẹ́ mọ́ ara ògiri rẹ̀ nínú.

Ní báyìí, ẹjọ́ tí mo mẹ́nu bà. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà àti Pakistan ní 1947, Sindh bọ́ sí Pakistan, Kutch dara pọ̀ mọ́ Íńdíà. Ibo ni ààlà wà nínú Rann? Pakistan ní omi ni Rann í ṣe, tàbí ohun tó jọ omi, torí náà kí ààlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Íńdíà ní ilẹ̀ ni, ilẹ̀ Kutch sì ni, torí náà etí rẹ̀ lápá àríwá ni ààlà wà. Nǹkan bí 9,000 kìlómítà níbùú lóròó ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1965, wọ́n fi ìbọn sọ ọ́. Harold Wilson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn dá sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún ti jagun tó ju ìyẹn lọ lórí Kashmir.

Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ Rann ní Geneva. Gunnar Lagergren láti Sweden ni alága. Íńdíà yan Aleš Bebler láti Yugoslavia, Pakistan yan Nasrollah Entezam láti Iran. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1968, wọ́n fún Íńdíà ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìdá kan sì bọ́ sọ́wọ́ Pakistan. Bebler ò fara mọ́ ìdájọ́ àwọn méjì yòókù. Ẹ jẹ́ ká wo ìdá kan yẹn dáadáa. Lára rẹ̀ ni Chhad Bet àti Dhara Banni wà, àwọn ibi tó ga díẹ̀, tí koríko ń hù sí lẹ́yìn òjò, tí àwọn darandaran Sindh ti ń kó ẹran wá jẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Agbẹjọ́rò kún inú ilé ẹjọ́ náà, àwòrán ilẹ̀ kún orí tábìlì, ipa ẹsẹ̀ màlúù ló wá darí ìdájọ́ ní ibi méjì yẹn. Èyí tó kàn ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹsẹ̀ omi kan tí wọ́n ń pè ní Sir Creek, wọn ò tíì yanjú rẹ̀ títí di òní.

Àwọn darandaran Kutch ló ń gbé Banni, pápá koríko ńlá tó wà ní gúúsù Rann Ńlá. Ẹfọ̀n Banni máa ń jẹ̀ ní òru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, á sì dá wálé fún fífún wàrà láàárọ̀. Ràkunmí Kharai tún wà ní etí òkun Kutch, èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ jẹ ewé ẹ̀gbà létí òkun. Mo bẹ̀ yín, ẹ ronú ràkunmí tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba gbin igi ilẹ̀ òkèèrè kan síbẹ̀ kí iyọ̀ má baà máa wọ inú pápá. Igi náà gba gbogbo ilẹ̀, ó ń lé koríko jáde, ẹ̀gún rẹ̀ ń gún ẹran. Gando baval làwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Gando, wèrè.

Ẹyẹ flamingo máa ń wá pa mọ́ nínú Rann Ńlá nígbà tí omi bá tó, wọ́n á fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní Rann Kékeré, khur ló wà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ tí kò sí níbòmíràn mọ́. Ní 1969, 362 péré ni wọ́n kà. Ìjọba sọ Rann Kékeré di ibi ààbò fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì di 2024, wọ́n ti lé ní 7,600. Inú mi dùn sí iye yẹn gan-an ni. Ṣùgbọ́n èèyàn náà wà nínú Rann Kékeré, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì fẹ́ parí sí.

Agariya ni wọ́n, àwọn tó ń ṣe iyọ̀. Tí omi bá ti ń fà ní oṣù kẹwàá, ìdílé kọ̀ọ̀kan á kó ìkòkò, ẹní, kẹ̀kẹ́, pọ́ọ̀ǹpù àtàwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ó di inú Rann. Oṣù méje tàbí mẹ́jọ ni wọn óò lò lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi igi àti àpò ṣe. Tánkà ló ń gbé omi mímu wá bá wọn. Omi tí wọ́n fi ń ṣe iyọ̀ kì í wá láti òkun. Kànga ni wọ́n ń gbẹ́, torí pé omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn níyọ̀ ju omi òkun lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kí wọ́n tó fà á sókè, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ ojú oko, baba, ìyá, ọmọ, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́, títí á fi le koko tí omi ò fi ní rí ọ̀nà gbà sísàlẹ̀. Omi á wá máa ti ojú oko kan bọ́ sí òmíràn, oòrùn á máa fà á, á máa ki sí i, títí iyọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní èyí tó kẹ́yìn.

Wọn ò wá gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Igi gbọọrọ kan wà lọ́wọ́ wọn, orí rẹ̀ ní eyín bí òòyà. Òun ni wọ́n ń fà nínú omi iyọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á fà á lọ, wọ́n á fà á bọ̀, kí hóró má baà lẹ̀ mọ́ra, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tóbi. Tó bá di oṣù kẹrin, hóró náà ti mọ́ gaara, ó tóbi bí èékánná àtàǹpàkò, ó ní igun mẹ́rin bíi pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé e. Inú omi yẹn ni ẹsẹ̀ wọn wà ní gbogbo àkókò yìí. Ó ń bó awọ, ó ń dá egbò, awọ á wá yi. Wọ́n máa ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé tí Agariya bá kú, tí wọ́n dáná sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jóná tán; wọ́n á kó o lọ́tọ̀, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sin ín.

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iyọ̀ tí gbogbo Íńdíà ń ṣe, Gujarat ló ti ń wá. Ẹni tó ń fà á nínú Rann ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ẹni tó ń jẹ lára rẹ̀. Oníṣòwò ló ń yá wọn lówó epo pọ́ọ̀ǹpù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí iyọ̀ bá délẹ̀, tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń lo oòrùn ti dín ìnira yẹn kù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. SEWA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́, àti ìjọba ìpínlẹ̀ wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òjò tó bá rọ̀ ní oṣù kẹta, kò sí pọ́ọ̀ǹpù tó lè dá a dúró. Òwúrọ̀ kan ni iṣẹ́ oṣù márùn-ún fi ń yòrò. Omi kánáàlì Narmada tún máa ń ya wọ inú Rann nígbà míì, lásìkò tí ibẹ̀ yẹ kó gbẹ, á sì ṣe iyọ̀ bí òjò ṣe ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá kù. Nígbà tí ìjọba ń wọn ilẹ̀ Gujarat tí wọ́n ń fún oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọn ò wọn Rann Kékeré. Ta ló máa wọn ibi tí omi ń bò? Nọ́ńbà òdo ló ń jẹ́ lórí ìwé títí di òní. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe iyọ̀ níbẹ̀, tí òun náà ti ṣe é láti kékeré, kò ní ìwé kankan tó lè nà síta, torí pé ojú ilẹ̀ tó ń ṣe é lórí kò sí nínú ìwé. Látìgbà tí ibẹ̀ ti di ibi ààbò ẹranko, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti pè ní ajagungbalẹ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n wá fi ẹ̀rí ẹ̀tọ́ wọn hàn. Inú ń bí mi tí mo bá rántí èyí. Wọ́n ka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò ka oko iyọ̀.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá padà dé, omi ti pa ohun gbogbo rẹ́. Kànga ọdún tó kọjá ti dí, ògiri ẹrẹ̀ kéékèèké tó yí oko ká ti wó, kò sí òpó, kò sí igi, kò sí òkúta ààlà. Ọkọ̀ á dúró, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ tí kò tíì gbẹ tán. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀, àwọn aládùúgbò náà mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í bá wọn pín in. Wọ́n á na ẹrù sílẹ̀, wọ́n á gbé ọkọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga.